Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ní Ìṣòro Kì í Sọni Di Olórí

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ alámòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ sì ti ń bá ẹgbẹ́ yìí bọ̀ kí n tó wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kò dé. Mo wá ń kọ èyí ní gbangba kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè bá wa kà á.

Ìpinnu yín lórí ìdìbò tó ń bọ̀ ló mú mi kọ̀wé. Ẹ ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ du ipò alága, akọ̀wé tàbí akápò gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn adarí, ó sì gbọ́dọ̀ ti di ipò kan mú fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí a béèrè ìdí, ọ̀kan nínú yín dìde nípàdé, ó ní a bí olórí mọ́ olórí ni. Ó ní ìṣòro kì í sọ ẹni tí kò lẹ́bùn di aṣáájú, àyè ariwo lásán ló ń fún un. Kò sí ẹni tó ta kò ó nínú yín. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n sùn.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa ti jọ wà.

Lọ́dún 2020, àrùn Kòrónà dé, òfin kónílé-ó-gbélé sì tẹ̀ lé e. Owó wa wà ní báńkì, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta há sí ìdálẹ̀. A kò rí àwọn méjì tó kù lórí fóònù. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé nígbà yẹn, n kò sì fẹ́ fi ìyẹn dá wọn lẹ́jọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni mo ń sọ.

Igbákejì akọ̀wé wa nígbà náà jẹ́ obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sàmì sí orúkọ ẹni tó bá wá sípàdé. Ìwé orúkọ yẹn ló wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìlẹ̀kùn gbogbo tì. Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn láti orúkọ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ó pe èmi náà. Ó bi mí: ṣé ara le? Kí ló kù nílé? Èèyàn mélòó lẹ jọ ń gbé? Ṣé ẹ lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti pín ìwé rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: àwọn tó ń ṣàìsàn, àwọn tí ọwọ́ wọn ti gbẹ pátápátá, àti àwọn tó ní nǹkan tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó wá ń fi àwọn tó ní mọ àwọn tí kò ní. Nígbà tó yá, òun ló wá àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó rí, òun náà ló ń bá báńkì fà á títí tí a fi rí owó wa gbà. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, á ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kì í dárúkọ ẹni tó gbà, kí ojú má baà tì í.

Ó ṣe àṣìṣe. Ó fún ìdílé kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé ìdílé mìíràn, àwọn yẹn sì bínú gan-an. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì tún un ṣe. Ẹnì kan bi í pé ta ló ní kó máa ṣe gbogbo èyí. Ohun tó fi dá a lóhùn ni pé, "Orúkọ yín ló wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí a padà sí ìpàdé ojúkojú, ó kó ìwé náà fún alága, ó sì padà sí àga rẹ̀ lẹ́yìn.

Lábẹ́ òfin tuntun yín, obìnrin yìí kò lè du ipò kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì tí a kò rí lórí fóònù lè dù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka òfin náà kí n tó gbà pé ohun tó sọ nìyẹn.

2. Èrò tí ẹ gbé òfin náà lé ti pẹ́ láyé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti tú u palẹ̀.

Lọ́dún 1840 ni Thomas Carlyle, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, dúró níwájú àwọn olùgbọ́ ní London, tó ní ìtàn ayé kò ju ìtàn àwọn ènìyàn ńlá lọ. Herbert Spencer, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá èrò yẹn lóhùn lọ́dún 1873: kí ẹni ńlá tó lè tún àwùjọ rẹ̀ ṣe, àwùjọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Lẹ́yìn wọn, àwọn onímọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ahọ́n mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwà tí olórí máa ń ní, wọ́n ń wọn ọgbọ́n orí, gíga, ìgboyà, ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́dún 1948, Ralph Stogdill ní Amẹ́ríkà kó 124 irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1904 sí 1947. Ó rí i pé àwọn ìwà kan wà lóòótọ́ tó máa ń pọ̀ díẹ̀ lára àwọn olórí. Ṣùgbọ́n kò rí àkójọ ìwà kankan tó lè sọ ènìyàn di olórí níbi gbogbo. Ẹni tó ń ṣáájú níhìn-ín lè máa tẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, torí bí ìwà ẹni ṣe bá ohun tó wà nílẹ̀ mu ló ń sọni di olórí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá jù mí lọ mọ̀ pé àwọn baba wa kò dúró de ìwádìí kí wọ́n tó sọ pé ẹni a bá lábà ni baba. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni òwe náà ń tọ́ka sí.

3. Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí èmi náà kò gbà pé ìṣòro nìkan tó.

Bí ẹ bá sọ pé ọgọ́rọ̀ ènìyàn ni ìṣòro ń bá tí wọn kì í di olórí, òótọ́ lẹ sọ. Gbogbo wa ni òfin kónílé-ó-gbélé sé mọ́lé. Ẹnì kan ló ṣí ìwé. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìtàn kan wà tí mo máa ń padà sí nígbà tí mo bá ń ro èyí, ìtàn bọ́ọ̀sì ìlú Montgomery ní Alabama, ní Amẹ́ríkà.

Òfin ibẹ̀ ní kí ènìyàn dúdú dìde fún ènìyàn funfun nínú bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1955, ọmọ ọdún 15 kan, Claudette Colvin, kọ̀ láti dìde. Àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Àwọn tó ń ṣáájú láàárín àwọn dúdú ìlú náà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní gbé ìjà náà lé ọmọdé lórí. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, Rosa Parks, aránṣọ ẹni ọdún 42, kọ̀ láti dìde bíi ti ọmọ yẹn, wọ́n sì mú òun náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dúdú ìlú náà kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn Parks bí ẹni pé àárẹ̀ ló mú obìnrin kan lọ́jọ́ kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1943 ló ti jẹ́ akọ̀wé NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ní ìlú yẹn. Ó ń gba ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ sílẹ̀, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì já sí nǹkan kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1955 yẹn gan-an, ó lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Highlander ní Tennessee. Ẹ kò rí i pé akọ̀wé ni òun náà? Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ òun náà.

Kò dá a ṣe. Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà, ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ti kọ̀wé sí olórí ìlú láti oṣù karùn-ún ọdún 1954, tí wọ́n kìlọ̀ fún un pé àwọn ènìyàn lè kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Parks, Robinson kò sùn. Ó fi gbogbo òru tẹ ìwé ìkéde tó ju 30,000 lọ, wọ́n sì ti ń pín in káàkiri kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, wọ́n yan Martin Luther King, pásítọ̀ ẹni ọdún 26, ṣe olórí. Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan péré tó ti dé ìlú yẹn. Ara ohun tó mú kí wọ́n fẹnu kò sórí rẹ̀ ni pé àlejò ni, kò tíì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ jà. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi rìn. Ẹjọ́ tó wá fòpin sí òfin bọ́ọ̀sì náà nílé ẹjọ́ gíga jù lọ lọ́dún 1956, obìnrin mẹ́rin ló pè é, ọ̀kan nínú wọn sì ni Claudette Colvin, ọmọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Bí ìṣòro nìkan bá ń sọni di olórí, Colvin ni ìlú ì bá tẹ̀ lé lóṣù kẹta. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bùn nìkan ni, ẹ̀bùn King ti wà lára rẹ̀ kí Parks tó wọ bọ́ọ̀sì, ayé kò sì mọ̀ ọ́n. Ìṣòro ló ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò wò, ni ó ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà láti tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín gan-an nìyí, nítorí àwọn tó ń yan ẹni ló pinnu pé ti Parks ni àwọn yóò gbé, wọn kò ní gbé ti Colvin. Wọ́n ní ìdí wọn. Síbẹ̀, ọmọ náà fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìwé ni mò ń bá jà. King kàwé, olùkọ́ ni Robinson, Parks sì lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ bá Parks. Kò sí ẹni tó lo ìwé ẹ̀rí bí àgádágodo láti ti iṣẹ́ mọ́ ọn.

4. Ẹ ó bi mí bóyá ìṣòro kì í gbé ẹni burúkú dìde. Ó ń gbé e. Èyí ni apá tó lágbára jù nínú àtakò yín, n kò sì ní fò ó.

Ní ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 1928 ní Jámánì, ìdá 2.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ẹgbẹ́ Hitler rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrọ̀ ajé ayé wó lọ́dún 1929, tí àwọn tí kò níṣẹ́ ní Jámánì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní oṣù keje ọdún 1932, ìdá 37.3 ni ẹgbẹ́ kan náà rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1933, wọ́n fi Hitler ṣe olórí ìjọba. Ọkùnrin náà kò yí padà láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì yí. Ìyà ló yí etí àwọn tó ń gbọ́ ọ padà.

Nítorí náà, mo gbà pé kò tó kí ẹnì kan sọ pé ìṣòro ló gbé mi dìde. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kọ́ ni yóò dá olórí rere àti ẹni burúkú mọ̀ yàtọ̀ fún wa. Kí ni ẹni yìí ń ṣe láàárín wa kí ìṣòro tó dé? Nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó kà á fún wa? Ó ṣàṣìṣe, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde? Ìṣòro lọ sílẹ̀, ṣé ó kó ìwé kalẹ̀ àbí ó rọ̀ mọ́ ọn? Ẹni tí ìṣòro gbé dìde tí kò sì fẹ́ kí ìṣòro tán ni ó yẹ ká bẹ̀rù. Ìdáhùn obìnrin wa sí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí wà nínú ìwé tó kó fún alága. Kò sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó lè bi ènìyàn ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

5. N kò sọ pé kí a fi obìnrin wa jẹ alága títí láé.

Lech Wałęsa jẹ́ oníṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk, ní Poland. Lọ́dún 1976 ni wọ́n lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, wọ́n tún lé Anna Walentynowicz, obìnrin tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Wałęsa ní òun fo ògiri wọlé, ó sì di olórí wọn. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1983, ó di ààrẹ lọ́dún 1990. Ní 1995, àwọn ará ìlú yan ẹlòmíràn. Nígbà tó tún jáde lọ́dún 2000, ìbò tó rí kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọkùnrin kan náà ni. Ohun tí Poland nílò ló yí padà.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Bí àkókò tó ń bọ̀ bá nílò ẹlòmíràn, ìbò ni yóò sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ìlẹ̀kùn kí a tó dìbò.

6. Ẹ̀yin náà wà lára ohun tó ń sọni di olórí, tàbí tí kì í jẹ́ kéèyàn dà á.

Èyí ló dùn mí jù. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìṣòro wà lójú ọ̀run, ẹ̀bùn wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀yin sì jókòó sí àárín bí adájọ́. Òfin tí ẹ ń ṣe wà lára ipò tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn. Ẹ ro ti ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń wò yín báyìí, ọ̀dọ́ kan tó ní òye tí kò sì lórúkọ. Ó rí obìnrin tó sáré nígbà tí gbogbo wa jókòó. Ó rí ohun tó kàn án lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ tí ìṣòro mìíràn bá dé, tí ìwé orúkọ sì wà nílé ọ̀dọ́ yẹn, kí lẹ rò pé yóò ṣe sí i? Mo bẹ̀rù pé yóò tì í pa, yóò sì dúró de àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí.

7. Ohun tí mo ń béèrè nìyí, ẹ dákun.

Ẹ fa òfin náà padà kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ orúkọ tó parí. Ẹ má ṣe ní àtúnṣe yóò wáyé lẹ́yìn ìdìbò, torí ọdún mẹ́ta gbáko ni a ó fi dúró de òmíràn. Ẹ sọ ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà di ohun tí ẹgbẹ́ yóò sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí a bá yàn, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ipò. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ wúlò, ẹni tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ló sì máa ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ẹ gbé ìwé ọdún 2020 síwájú ìpàdé gbogboogbò, kí a kà á láti ojú ìwé kìíní dé òpin, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe inú rẹ̀. Ó ti wà nínú àpótí pẹ́ jù. Àwọn tó wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò mọ̀ pé ó wà.

Kí ẹ sì yan ènìyàn méjì sí i tí yóò lè fọwọ́ sí ìwé owó bí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ ráyè ṣòfin nípa ìwé ẹ̀rí kí ẹ tó ráyè ṣe èyí. Ebi pa àwọn kan nínú wa nígbà yẹn nítorí ìbuwọ́lùwé ẹyọ kan.

Mo fẹ́ kí alága ka èsì yín sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní ìpàdé tó ń bọ̀, yálà ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo lọ bá obìnrin náà. Mo bi í bóyá yóò dupò bí ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn. Ó ní òun kò tíì mọ̀, pé ara òun kò le tó ti tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn mìíràn wà tó lè ṣe é dáadáa. Ó lè jẹ́ pé yóò kọ̀. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀ ọ́, kí ẹ má ṣe bá a kọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn